Bí Mo Ṣe Ń Tọpa Pollen láti London dé Aberdeen

Oúnjẹ ilé ni mo ń kó kiri Ìlú Ọba: gaàrí, èlùbọ́, ẹ̀gúsí, epo pupa, ẹja gbígbẹ. Gúúsù London ni mo ti ń gbéra, tí mo ń já ẹrù fún àwọn ṣọ́ọ̀bù wa ní Birmingham, Leeds, Manchester àti Glasgow, títí dé Aberdeen. Mo ti lo ọdún mélòó kan nílùú yìí kí imú mi tó bẹ̀rẹ̀ wàhálà. Bí oṣù karùn-ún bá ti ń lọ sópin, imú á máa yún mi, ojú á pọ́n, omi á máa dà, màá sì máa sín léraléra. Àwọn ará ilé ní kátà ni. Ṣùgbọ́n kátà òtútù kì í yúnni lójú, kì í sì í jókòó síni lára fún odindi oṣù kan. Hay fever ni. Lẹ́búlẹ́bú tí igi àti koríko ń tú sínú afẹ́fẹ́ nígbà tí wọ́n bá tanná, èyí tí wọ́n ń pè ní pollen, ló ń fà á.

Fún ẹni tó ń wakọ̀ jẹun, sísín kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ọkọ̀ tó ń sáré 60 máìlì ní wákàtí kan á ti rin nǹkan bíi mítà 27 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, bẹ́ẹ̀ ojú kì í là sílẹ̀ béèyàn bá ń sín. Mo lọ bá àbúrò wa obìnrin kan tó ń ta oògùn ní Peckham, mo ní kó fún mi ní Píríton tí gbogbo wa mọ̀ láti ilé.

“Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ṣì ń wakọ̀? Ẹ má lo Píríton kẹ́ ẹ tún jókòó sídìí ọkọ̀ o. Oorun ló máa gbé yín.”

Fexofenadine ló fún mi, nítorí pé kì í sábàá kunni lóorun, ó sì fi oògùn tí wọ́n ń fín sí imú kún un. Ó ní èyí tí wọ́n ń fín yẹn, n kò gbọ́dọ̀ dúró dìgbà tí imú bá ti dí kí n tó bẹ̀rẹ̀. Ó yẹ kí n ti máa lò ó ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú àsìkò tèmi. Mo bi í pé ìgbà wo ni àsìkò tèmi. Ó ní, “Ẹ̀yin lẹ máa sọ fún mi. Ṣé igi ni àbí koríko? Níbo lẹ sì máa ń wà tó bá bẹ̀rẹ̀?” N kò ní èsì. Ìbéèrè yẹn ni mo gbé lọ sílé, òun ni mo sì fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí mo fẹ́ ṣàlàyé yìí.

Mo kọ́kọ́ to àsìkò tí igi àti koríko ń tú pollen tẹ̀lé ara. Àwọn igi hazel àti alder ló ń ṣíwájú, láti oṣù kìn-ín-ní sí oṣù kẹta. Igi birch tẹ̀lé wọn, láti ìparí oṣù kẹta wọ oṣù karùn-ún, igi oak sì ń bá a rìn. Koríko gba ipò láti àárín oṣù karùn-ún títí di oṣù keje. Lẹ́yìn náà ni àwọn èpò, bíi nettle tó ń jóni lára bí èsìsì, títí dé oṣù kẹsàn-án. Nínú ẹni 100 tó ní hay fever ní Ìlú Ọba, koríko ló ń bá nǹkan bíi 95 jà; birch ń bá nǹkan bíi 25 jà. Ẹlòmíì wà tí méjèèjì ń bá jà.

Met Office, iléeṣẹ́ tó ń sọ bí ojú ọjọ́ yóò ṣe rí, pín gbogbo Ìlú Ọba sí agbègbè 16, wọ́n sì ń sọ bí pollen yóò ṣe pọ̀ tó ní ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ọjọ́ 5 síwájú. Ó rọrùn láti ṣí fóònù, kéèyàn wo àwọ̀ tó wà lórí agbègbè rẹ̀, kó sì gba ibẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n mo máa ń fẹ́ mọ ibi tí nọ́ńbà ti wá kí n tó gbára lé e.

Orí òrùlé ni wọ́n ń gbé ẹ̀rọ tó ń gba pollen sí. Lítà afẹ́fẹ́ 10 ló ń fà sínú ní ìṣẹ́jú kan. Nínú rẹ̀, ohun rìbìtì kékeré kan wà tí wọ́n fi ọ̀rá tó ń lẹ̀ mọ́ nǹkan wé, tí aago ń yí díẹ̀díẹ̀, mílímítà 2 péré ní wákàtí kan. Ọjọ́ 7 ló ń gbà kó tó yí po. Ohun tí afẹ́fẹ́ bá gbé wọlé á lẹ̀ mọ́ ọ̀rá náà. Wọ́n á gé e ní ọjọ́ kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀, wọ́n á pa á láró, wọ́n á gbé e sábẹ́ máíkírósíkóòpù, ẹni tó mọ ìrísí pollen igi yàtọ̀ sí ti koríko á wá máa kà á lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ wo iṣẹ́! Mo bọ̀wọ̀ fún àwọn tó ń ṣe é. Jim Hirst ló ṣe irú ẹ̀rọ yìí jáde ní 1952 ní Rothamsted, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Harpenden, ohun tó sì ń wá nígbà náà ni àrùn tí afẹ́fẹ́ ń gbé ba irè oko jẹ́. Harpenden kò jìnnà sí ọ̀nà M1 tí mò ń gbà.

Ohun tí mo rí dì mú níbẹ̀ ni pé kíkà yẹn, ohun tó ti kọjá ló ń sọ. Ti ọ̀la tí fóònù ń sọ fún wa, wọ́n fojú sùn ún ni, láti ara ojú ọjọ́ àti ibi tí igi àti koríko dé nínú ìdàgbàsókè wọn. Ohun kejì sì tún wà. Bí pollen koríko bá ti dé 50 nínú kúbíìkì mítà afẹ́fẹ́ kan, wọ́n á ní ó pọ̀. Tó bá dé 150, ó pọ̀ jọjọ. Ṣùgbọ́n ti birch ní láti kọjá 80 kí wọ́n tó ní ó pọ̀. Nítorí náà, bí fóònù bá kàn sọ pé ó pọ̀ ní Yorkshire tí Leeds wà, kò tíì sọ nǹkan kan fún mi àyàfi tí mo bá mọ èyí tó pọ̀, tí mo sì mọ èyí tó jẹ́ ọ̀tá mi.

Ìdí nìyí tí mo fi ra ìwé kékeré kan tí mo fi sínú ọkọ̀. Ní alaalẹ́, mo ń kọ ìlú tí mo dé, wákàtí tí mo débẹ̀, ohun tí Met Office sọ nípa agbègbè náà, bóyá òjò rọ̀ tàbí afẹ́fẹ́ ń fẹ́, àti bí ara mi ṣe rí, láti òdo sí mẹ́ta. Òdo ni ara dídá. Mẹ́ta ni pé mo ní láti dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Mi ò kì í kọ àlàyé gígùn, torí ẹni tó ti rẹ̀ kò ní kọ ọ́ lọ́jọ́ kejì.

Ìwé náà kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ igi. Ní gbogbo oṣù kẹrin, nígbà tí birch pọ̀ jọjọ láti London dé Scotland, òdo ni mò ń kọ. Nígbà tó di ìparí oṣù karùn-ún, London bọ́ sí méjì, lẹ́yìn náà Birmingham. Leeds àti Manchester tẹ̀lé wọn. Glasgow àti Aberdeen ṣì wà ní òdo nígbà tí London ti dé mẹ́ta. Gúúsù ló ń tètè móoru, ibẹ̀ ni koríko ti ń kọ́kọ́ tanná, ó sì ń gòkè lọ sí àríwá bí ooru ṣe ń gòkè. Ti Scotland ń pẹ́ dé, kì í sì í pẹ́ tó ti gúúsù.

Ó tún fi hàn mí pé agbègbè kan ti fẹ̀ jù. London àti Brighton wà nínú agbègbè kan náà lórí àwòrán Met Office, bẹ́ẹ̀ tí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́ wá láti orí òkun, ara mi máa ń balẹ̀ ní Brighton lọ́jọ́ tí London ń dà mí láàmú. Àwọn kan máa ń sọ pé kò sí koríko ládùúgbò àwọn. Pollen kò nílò kó wà ládùúgbò. Charles Blackley, dókítà kan ní Manchester tí hay fever ń bá òun fúnra rẹ̀ jà, so gíláàsì tó ń lẹ̀ mọ́ nǹkan mọ́ káìtì, ó fi okùn tú u sókè, ó sì rí pollen rẹpẹtẹ lókè lọ́hùn-ún. Ní 1873 ló tẹ ìwádìí rẹ̀ jáde.

Wákàtí náà ní tirẹ̀. Koríko ń tú pollen láàárọ̀, ooru á gbé e lọ sókè, ìrọ̀lẹ́ tí afẹ́fẹ́ bá tutù ló ń padà wálẹ̀ sórí wa, nítorí náà ibi tí mo ti kọ mẹ́ta nínú ìwé mi, ìrọ̀lẹ́ ló pọ̀ jù nínú wọn. Òjò máa ń fọ afẹ́fẹ́ mọ́, ṣùgbọ́n n kì í fi ọ̀rọ̀ ìjì àrá ṣeré nígbà koríko. Ọ̀rinrin ń fọ́ pollen sí wẹ́wẹ́ tó lè wọ inú ẹ̀dọ̀fóró lọ. Ní June 24, 1994, ìjì irú rẹ̀ jà ní gúúsù England, àwọn tí kò lè mí dáadáa sì kún ilé ìwòsàn ní London lálẹ́ ọjọ́ náà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ikọ́ fée pẹ̀lú hay fever, ẹ jọ̀wọ́, bí àrá bá ń sán nínú oṣù kẹfà, ẹ wọlé, ẹ pa fèrèsé dé, kí inhaler ikọ́ fée yín wà lọ́wọ́ yín.

Nínú ọkọ̀, mo ń pa fèrèsé dé, mo ń tẹ bọ́tìnnì tí kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ ìta wọlé, mo sì ń pààrọ̀ asẹ́ afẹ́fẹ́ kí oṣù karùn-ún tó dé. Wọ́n ní kéèyàn fi Vaseline pa etí ihò imú kí pollen lè lẹ̀ mọ́ ọn. Òrí ni èmi ń fi pa á, mo sì ń tà á náà. Bí mo bá délé, mo ń wẹ̀, mo ń pààrọ̀ aṣọ kí n tó dé orí bẹ́ẹ̀dì.

Mo fi ìwé náà han awakọ̀ ẹlẹgbẹ́ mi kan tóun náà ń sín, ó bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀. Tirẹ̀ yàtọ̀ pátápátá: oṣù kẹrin ni mẹ́ta rẹ̀ wà, oṣù kẹfà ló jẹ́ òdo. Birch ni. A jọ lọ bá ọ̀gá tó ń pín iṣẹ́, a gbé ìwé méjèèjì kalẹ̀ níwájú wọn. Nísinsìnyí, èmi ni mò ń lọ Glasgow àti Aberdeen ní oṣù kẹrin, nítorí birch pọ̀ lọ́hùn-ún. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà, mo tún ń gòkè lọ kí koríko Scotland tó gbóná, ẹlẹgbẹ́ mi á máa já ẹrù ní London àti Birmingham. Tó bá di oṣù keje, mo ń bẹ̀bẹ̀ fún Brighton àti Southampton. Oògùn imú tèmi ń bẹ̀rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù karùn-ún, tirẹ̀ ní àárín oṣù kẹta, àbúrò wa ní Peckham sì ti mọ̀, kò bi wá ní ìbéèrè mọ́ kó tó gbé e fún wa.