Bí a ṣe pààrọ̀ ẹsẹ̀ ilé ìwé wa láì ti ilé ìwé pa

Ọdún tó kọjá ni mo mọ̀ pé òpó tó wà lójú omi kì í jẹrà láti ìsàlẹ̀. Tẹ́lẹ̀, mo rò pé apá tó rì sínú ẹrẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ bàjẹ́. Bàbá káfíńtà tí a pè wá yẹ ilé ìwé wa wò ní Makoko, àdúgbò orí omi l'Ékòó, ló fi mí rẹ́rìn-ín. Ó wa ọkọ̀ rẹ̀ wọ abẹ́ kíláàsì, ó fi ọ̀bẹ gún òpó kan níbi tí omi ti ń dé tó sì ń fà sẹ́yìn. Ọ̀bẹ wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́ bí ẹni gún ẹ̀kọ. Ó tún ki ọwọ́ bọ omi, ó gún ìsàlẹ̀ òpó kan náà. Ọ̀bẹ kọ̀, kò wọlé.

Ó ní, "Àǹtí, ibi tó ń tutù tó tún ń gbẹ ni igi ti ń kú. Èyí tó wà nínú omi títí, omi ló ń tọ́jú ẹ̀."

Òpó 11 ló jẹrà báyẹn.

Ilé ìwé wa kò tóbi. Kíláàsì mẹ́ta ni, pákó ló pààlà wọn, páànù lórí, ọ̀sà nísàlẹ̀. Ọmọ 64 ló wà nínú rẹ́jísítà, tíṣà mẹ́rin ni wá. Òbí ló ń gbé e dúró. Àwọn kan ń sanwó ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà, àwọn mìíràn ń mú un wá díẹ̀díẹ̀ bí ẹja bá ṣe tà sí. Àárọ̀ ni àwọn ọmọ ń wa ọkọ̀ wá láti ilé, wọ́n á padà lọ́sàn-án. Ègùn ni púpọ̀ nínú wọn ń sọ nílé, Yorùbá lọ́jà, Gẹ̀ẹ́sì níwájú pátákó, tí wọ́n bá sì ń jà, wọ́n á po mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀.

A pe àwọn òbí jọ. Mi ò tíì parí ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ ilé ìwé tó wó. Ẹ̀rù wọn kò ṣẹ̀yìn ohun tí ojú wọn ti rí. Ní 2013, Kunlé Adéyẹmí, ayàwòrán ilé, parí ilé ìwé alájà mẹ́ta kan ní Makoko níbí, tó ń léfòó lórí àwọn àgbá oníke. Gbogbo ayé ló wá wò ó. Ní oṣù kẹfà ọdún 2016, òjò ńlá rọ̀, ilé náà wó. Ọlọ́run yọ wá, kò sí ẹni tó fara pa. Tiwa kì í léfòó, ẹsẹ̀ ló fi dúró, ṣùgbọ́n ta ni yóò fi ìyẹn yé ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ pé ẹsẹ̀ náà ti jẹrà?

Mo ní kí a ti ilé ìwé pa fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ìyá ẹlẹ́ja kan tó jókòó sẹ́yìn kò jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́ o. Ẹ lé wọn wálé fún ọ̀sẹ̀ méjì, èyí ọkùnrin á bá bàbá wọn lọ da àwọ̀n, èyí obìnrin á jókòó sídìí ààrò ẹja. Ta ló máa bá yín kó wọn padà?" Mo mọ̀ pé kò purọ́. Ọmọ márùn-ún lọ lo ìsinmi Kérésì lọ́dún kan, a ò rí wọn mọ́ di òní.

Bó ṣe di pé a ń tún kíláàsì kan ṣe lẹ́ẹ̀kan nìyẹn, tí àwọn ọmọ ibẹ̀ á lọ há mọ́ àwọn tó kù. Oṣù kejì la mú. Omi ti fà, òjò kò tíì dé, iyọ̀ òkun tó ń wọ ọ̀sà lásìkò ọ̀gbẹlẹ̀ sì ti pa ewé ojú omi tó máa ń dí ọ̀nà ọkọ̀.

Okobaba, ọjà pákó etí ọ̀sà, ni mo ti ra igi. Ẹni tó bá ń gba afárá Third Mainland á ti rí ibẹ̀ láti òkè: èéfín, lẹ́búlẹ́bú pákó, àti gẹdú tí wọ́n so pọ̀, tí wọ́n fi ojú omi wọ́ wá. Mo ti ra igi rí, àmọ́ ti bẹ́ẹ̀dì ni. Oníṣòwò kan kí mi káàbọ̀ tẹ̀ríntẹ̀rín, ó fi òpó funfun kan hàn mí, ó fúyẹ́, owó rẹ̀ rọjú. Bàbá kò tilẹ̀ fọwọ́ kàn án. Ó kàn ní, "Afárá la fẹ́ kàn, afàrà ni wọ́n fẹ́ tà fún wa." Igi inú ilé ni afàrà, ojú omi kì í ṣe ibùgbé rẹ̀.

Èkkì la rà. Ó pupa rúsúrúsú, ó sì wúwo débi pé ó ń rì lómi. Mi ò gbà gbọ́, àfi ìgbà tí ọmọkùnrin kan ju àkékù rẹ̀ sómi, tó lọ sísàlẹ̀ bí òkúta. Ohun tí mo ti ṣírò ni pé a ó so igi mọ́ ìdí ọkọ̀, a ó wọ́ ọ délé. Igi tó ń rì, ta ni yóò wọ́ ọ? A ní láti háyà ọkọ̀ méjì, kí a tẹ́ òpó lé wọn ní ìdábùú. Owó ṣọ́ọ̀kì ni mo fi dí i.

Ẹnìkan dámọ̀ràn pé ká fi kọndẹ́m ọ́ìlì kun òpó. Ká ní orí ilẹ̀ ni, mo lè gbà. Omi yìí náà ni wọ́n ń da àwọ̀n sí, ẹ̀kán ọ́ìlì kan ṣoṣo á sì tẹ́ lójú omi bí aṣọ. Mo ní rárá.

Bí wọ́n ṣe ń ri òpó ni ohun tí mo lè jókòó wò títí ilẹ̀ á fi ṣú. Bàbá gbẹ́ ẹnu rẹ̀ ṣóńṣó. Wọ́n gbé e nàró láàárín ọkọ̀ méjì, ó sì fúnra rẹ̀ wọ ẹrẹ̀ bí ẹsẹ̀ bàtà 3. Wọ́n wá so igi ìdábùú mọ́ ọn níbàdí, ọkùnrin méjì gun ún, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, wọ́n ń mi ara wọn bí ẹni ń jó. Bí wọ́n ṣe ń mì ni òpó ń lọ. Orin ni wọ́n fi ń gbè é. Kíláàsì kejì tó ń ka ìsọdipúpọ̀ 7 lọ́wọ́ kàn bọ́ sínú orin náà ni, mi ò sì rí wọn kà á já rí bíi ti ọjọ́ yẹn. Nígbà tí òpó kò lọ mọ́, bàbá gbá a ní òòlù lẹ́ẹ̀kan, ó tẹ́tí, ó ní, "Ó ti kan iyanrìn." Nínú ẹsẹ̀ bàtà 18, ẹrẹ̀ ti gbé 7 mì. A kò yọ ògbólógbòó òpó. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ la ri tuntun sí, a sì wá gbé túbáìsíìsì tó gbé ilẹ̀ dúró bọ́ sórí èyí tuntun.

Èmi ni mo fa wàhálà ọjọ́ kẹta. Mo ní kí n bá wọn kan ìṣó. Àkọ́kọ́ tẹ̀, ìkejì tẹ̀, ìkẹta fò, òòlù sì bọ́ lọ́wọ́ mi sínú ọ̀sà. Kí n tó lanu, ọmọ pírámárì 4 kan ti bẹ́ sómi tòun ti yúnífọ́ọ̀mù. Ó yọrí pẹ̀lú òòlù, ẹrẹ̀ kún irun rẹ̀: "Àǹtí, ẹ gbà." Mo bá a wí gan-an, mo sì gba òòlù. Àṣé èkkì kì í gba ìṣó bí wọn kò bá kọ́kọ́ fi díríìlì lu ihò sí i.

Ilẹ̀ kíláàsì ló dá ìjà sílẹ̀. Bàbá fẹ́ kí àlàfo tó fẹ̀ tó ìka wà láàárín pákó, kó má baà jẹ́ pé bí ọ̀sà bá kún ní oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá, omi á gbé ilẹ̀ ṣí. Èmi ń ro pẹ́ńsù. Irú àlàfo bẹ́ẹ̀ ló wà nínú ilẹ̀ àtijọ́, bí a bá sì gbẹ́ ẹrẹ̀ abẹ́ ilé ìwé wa lónìí, a ó rí pẹ́ńsù tó lè tó ṣọ́ọ̀bù ẹnìkan. A fà á títí. Níkẹyìn, bàbá gba pẹ́ńsù lọ́wọ́ ọmọ kan, ó ń fi í wọn àárín pákó kọ̀ọ̀kan: kó lè dùbúlẹ̀ síbẹ̀, kó má lè wọlé. Nígbà tó parí, ó fi pẹ́ńsù náà sẹ́yìn etí, ó gbé e lọ sílé.

Ní oṣù kẹwàá, omi dé bó ṣe sọ. Ó ń yọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ láàárín pákó títí ó fi bo àtẹ́lẹsẹ̀ mi. Pákó kankan kò mira. Àwọn ọmọ gbé ẹsẹ̀ lé bẹ́ǹṣì, a ń bá àpèkọ wa lọ. Pẹ́ńsù kan léfòó kọjá lábẹ́ tábìlì mi. Mo mú un sókè, mo bi wọ́n pé ti ta ni.

Gbogbo wọn nawọ́.