Yíyan Koríko Ẹran Tí Ẹ̀ẹ̀rùn Èkó Kò Ní Pa

Ẹ̀yin tí ẹ ń sin ehoro ní Ṣómólú, Agége tàbí Ọjọ́ á ti rí i lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé koríko gbígbẹ tí wọ́n ń pè ní timothy ni kí ẹ máa fún ehoro yín. Koríko náà dára lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ má fowó ra irúgbìn rẹ̀. Ilẹ̀ òtútù ló ti ń ṣe dáadáa: Finland, Norway, Sweden, Canada. Kó tó lè yọ òdòdó, ó fẹ́ kí ojúmọ́ gùn kọjá wákàtí 14, bẹ́ẹ̀ ojúmọ́ Èkó kì í kúrò ní nǹkan bíi wákàtí 12 láti January dé December. Gbòǹgbò rẹ̀ kò sì jinlẹ̀, ooru wa á tán an lókun. Bó bá tilẹ̀ hù nínú ìkòkò yín, kò ní pẹ́ tí yóò fi kú.

Ohun tó yẹ kí a yá lọ́wọ́ àwọn ará ibẹ̀ ni ọ̀nà tí wọ́n ń gbà yan koríko tó lágídí. Nígbà òtútù lọ́hùn-ún, yìnyín lè bo ilẹ̀ pa, tí koríko ò ní rí afẹ́fẹ́ mí. Èébu sì máa ń jẹ ewé lábẹ́ òjò dídì. Ṣúgà tí koríko ti kó pa mọ́ sí ìdí rẹ̀ kí òtútù tó dé ló ń gbé e là. Bí ojúmọ́ bá ti ń kúrú, tí ara ilẹ̀ ń tutù, koríko tó gbọ́n á dín ewé yíyọ kù, á máa tọ́jú oúnjẹ sísàlẹ̀. Èyí tó ń dàgbà láìdúró máa ń rẹwà kí òtútù tó bẹ̀rẹ̀, òun náà ló sì sábà máa ń kú. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń tọ́ irú tuntun kì í fi í wo ẹwà àkókò yẹn. Wọ́n á gbin ìdí kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ sóko, òtútù á ṣe é bó ṣe fẹ́, wọ́n á wá ka èyí tó kù láàyè. Àwọn tó yè ni wọ́n ń gbìn pọ̀ kí atẹ́gùn lè gbé lẹ́búlẹ́bú òdòdó wọn fún ara wọn, nítorí timothy kì í fẹ́ gba ti ara rẹ̀. Wọ́n á tún gbin irúgbìn ibẹ̀, wọ́n á tún yàn. Iṣẹ́ náà máa ń ju ọdún 10 lọ.

Níbí, ó rọrùn kí a yan koríko ní oṣù June, nígbà tí gbogbo ohun tó wà nílẹ̀ ń tutù yọ̀yọ̀. February ló yẹ kí a yàn án.

Ohun tó ń pa koríko níbí

Ẹ̀ẹ̀rùn láti November sí March ni àkọ́kọ́, pàápàá lórí ilẹ̀ oníyanrìn tí kì í gba omi dúró. Omi tó dúró pẹ́ nínú òjò June àti July ló tẹ̀ lé e. Koríko Guinea (guinea grass, koríko gíga tó ń hù ní ìdí ńlá) àti eèsún (elephant grass) kò fẹ́ràn kí ìdí wọn wà nínú omi fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Ní agbègbè tó sún mọ́ ọ̀sà, bíi Bàrígà àti Òwórónṣòkí, iyọ̀ tún wà níbẹ̀: bí omi odò bá fà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi òkun á wọ inú ọ̀sà sí i.

Ṣùgbọ́n nínú gbogbo rẹ̀, àdá olóko ló ń pa jù. Ẹni tó ń gé koríko mọ́lẹ̀ pátápátá ní November, tó tún padà wá gé e ní December, ń jẹ oúnjẹ tí koríko fi pa mọ́ fún ẹ̀ẹ̀rùn. Oríṣi tó lágbára jù kò ní yè é.

Kíkó irú jọ

Ẹ wá ìdí koríko Guinea 8 láti ibi tí ìyà ti ń jẹ ẹ́, tó sì ṣì tutù: ẹ̀gbẹ́ ojú irin, etí kànáà, ibi tí àwọn màlúù ti ń jẹ kọjá, orí yanrìn gbígbẹ. Ẹ má kó gbogbo rẹ̀ níbì kan ṣoṣo, ó lè jẹ́ ọmọ ìyá kan náà ni gbogbo wọn. Ẹ lè mú irú láti ẹ̀gbẹ́ títì márosẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má gé koríko ibẹ̀ fún ẹran jẹ nítorí epo àti èéfín ọkọ̀. Gígé méjì àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí ẹ gbìn ín sílé, dídà ni kí ẹ dà á nù.

Gbígbìn

Àárín April sí May ló dára jù. Àyè tí ẹ nílò jẹ́ mítà 7.5 sí mítà 4.5. Ẹ pín ìdí kọ̀ọ̀kan sí mẹ́rin, kí ìpín kọ̀ọ̀kan ní ọmọ mẹ́ta tó yè pẹ̀lú gbòǹgbò, kí ẹ gé ewé rẹ̀ ku sẹ̀ǹtímítà 15. Ìyẹn á jẹ́ ìdí 32. Ẹ gbìn wọ́n ní sẹ̀ǹtímítà 75 sí ara wọn, kí ẹ da mẹ́rẹ̀ẹ̀rin oríṣi kan ká orí ilẹ̀, kí wọ́n má wà lójú kan. Ẹ fi ìdí koríko èyíkéyìí 28 yí gbogbo rẹ̀ ká, torí pé koríko etí oko máa ń rí àyè àti oòrùn ju ti àárín lọ, ó sì lè tan yín jẹ. Kìlógíráàmù ìlàjì ìgbẹ́ adìyẹ tó ti jẹrà ni fún ìdí kọ̀ọ̀kan, ọgbọọgba. Ẹ fi ọ̀dà kọ nọ́ńbà sára páànù, bébà kò ní pẹ́ kú.

Ẹ jìnnà sí soakaway. Koríko tó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á borí gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ ní February, ẹ ó sì rò pé irú rẹ̀ ló dára.

Eèsún ń fẹ́ ilẹ̀ tirẹ̀ lọ́tọ̀, torí yóò bo koríko Guinea mọ́lẹ̀. Igi rẹ̀ tó ní oríkèé mẹ́ta ni ẹ ó fi gún ilẹ̀ ní ìdagẹ̀rẹ̀, oríkèé méjì nínú ilẹ̀, ọ̀kan lókè, mítà 1 láàárín ìlà kan sí èkejì, sẹ̀ǹtímítà 50 láàárín ìdí kan sí òmíràn.

Ìdánwò ẹ̀ẹ̀rùn

Nígbà òjò, ẹ máa gé gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà mẹ́fà, kí ẹ fi kùkùté sẹ̀ǹtímítà 15 sílẹ̀. Ìparí October ni gígé ìkẹyìn tó kan gbogbo wọn. Láti ìgbà náà, ẹ má bu omi sí i rárá. Nínú mẹ́rin oríṣi kọ̀ọ̀kan, ẹ gé méjì lẹ́ẹ̀kan sí i ní àárín December, ẹ fi méjì sílẹ̀. Bí èyí tí ẹ ò gé nìkan bá yè, oríṣi náà ò lè gba bí ẹ ṣe ń gé koríko nílé yín, àyàfi bí ẹ bá ní oúnjẹ mìíràn fún ẹran lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn.

Ìparí February, ẹ ka ọmọ tó ṣì tutù ní ìdí kọ̀ọ̀kan. Ewé gbígbẹ kò túmọ̀ sí ikú: ẹ fi èékánná họ ìsàlẹ̀ kùkùté, bó bá funfun tàbí tutù nínú, ó wà láàyè. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn òjò àkọ́kọ́, ẹ gé e, ẹ wọ̀n ọ́n.

Ẹ wá ya ewé kúrò lára igi, kí ẹ wọn méjèèjì lọ́tọ̀. Ọ̀pọ̀ ló máa ń fo ibí yìí, ó sì ṣe pàtàkì. Oríṣi tó ń yè lè jẹ́ olópòrò líle tí ewúrẹ́ máa ń fi sílẹ̀ nínú ọpọ́n. Àwọn ará ilẹ̀ òtútù náà ní irú wàhálà yìí, torí koríko wọn tó lágídí jù kì í fún wọn ní ewé púpọ̀ bí òtútù bá ti ń sún mọ́lé. Ẹ máa rántí pé ewúrẹ́ kìlógíráàmù 20 ń fẹ́ nǹkan bíi kìlógíráàmù 3.5 koríko tútù lójúmọ́, kí ẹ gbé 4.5 síwájú rẹ̀ nítorí ohun tó máa tẹ̀ mọ́lẹ̀. Bí ìdajì bá jẹ́ igi, ebi ń pa á nìyẹn. Ní tèmi, mo máa mú èyí tó ṣe ipò kejì ní yíyè tó sì léwé dáadáa ju èyí tó ṣe ipò kìíní lọ.

Omi àti iyọ̀

Láti mọ oríṣi tó lè fara da omi àti iyọ̀, ẹ gbin ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì. Fún omi, ẹ jẹ́ kí omi ga ju yẹ̀pẹ̀ lọ ní sẹ̀ǹtímítà 2 fún ọjọ́ 14, lẹ́yìn náà ẹ fà á nù kí ẹ wo èyí tó padà yọ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Fún iyọ̀, ẹ lu ihò sísàlẹ̀ bọ́kẹ́ẹ̀tì kí iyọ̀ má bàa gbára jọ. Ọ̀sẹ̀ kìíní, ìlàjì ṣíbí tíì iyọ̀ nínú lítà omi kan. Ọ̀sẹ̀ kejì, ṣíbí kan. Ọ̀sẹ̀ kẹta, ṣíbí kan àbọ̀. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti èyí tí iyọ̀ rẹ̀ pọ̀ jù. Ẹ ní bọ́kẹ́ẹ̀tì kan tó ń mu omi lásán, kí ẹ lè fi wé e. Bí ilẹ̀ yín bá ń kún fómi lọ́dọọdún, koríko tí wọ́n ń pè ní Para grass ló máa ń fara dà á jù, ṣùgbọ́n ó ń ràn bí iná, ẹ má jẹ́ kó wọ oko ẹ̀fọ́ aládùúgbò.

Bíbí irú tó yege

Ẹ tún ìdánwò ẹ̀ẹ̀rùn ṣe ní ọdún kejì, torí òjò lè rọ̀ ní January kan kó ṣe ojúsàájú. Ẹ wá mú mẹ́ta tó dára jù. Ọ̀kan ṣoṣo kò tó: ní Kenya àti Uganda, àrùn tí wọ́n ń pè ní Napier stunt (Napier ni orúkọ òyìnbó mìíràn fún eèsún) ba eèsún ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ jẹ́, igi tí wọ́n ń yá ara wọn gbìn sì wà lára ohun tó gbé e káàkiri. Eèsún tí ewé rẹ̀ pọ́n rakọrakọ, tó kúrú, tó ń yọ ọmọ wẹ́wẹ́, ẹ hú u tigbòǹgbò-tigbòǹgbò kí ẹ sun ún.

Irúgbìn koríko Guinea sábà máa ń jọ ìyá rẹ̀ pátápátá, láìsí pé bàbá dá sí i, nítorí náà ohun tí ẹ yàn kò ní sọnù. Kì í hù dáadáa bó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ já. Ẹ tọ́jú rẹ̀ síbi gbígbẹ fún oṣù díẹ̀. Pípín ìdí ṣì yá jù.

Eèsún tí wọ́n fi jéró bí, irú èyí tí wọ́n ń tà ní igi gbọọrọ, kò ní irúgbìn tó lè hù. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ta irúgbìn rẹ̀ nínú ọ̀rá fún yín, ẹ fi owó yín sápò. Bí ẹ bá ra igi rẹ̀, ẹ gbìn ín lọ́jọ́ náà. Bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ fi àpò tútù bò ó lábẹ́ òjìji, kí ó má sì kọjá ọjọ́ mẹ́ta.