Bí Mo Ṣe Fi Ẹjọ́ Ilé Ìtọ́jú Arúgbó Kan Sùn

Ní ọjọ́ kẹta Iléyá, nígbà tí èrò ń wọ́ lọ sí Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde, mo gbé ìkọ́kọrẹ́ dání, mo sì wọ ọkọ̀ lọ sí ilé ìtọ́jú arúgbó kan ní agbègbè Ṣágámù, níbi tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tí a ń pè ní Ìyá Àgbà, ń gbé láti ìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti kọlù wọ́n. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé mò ń bọ̀. Òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo ni mo bá nídìí arúgbó mọ́kànlá. Egbò kan wà ní ìdí Ìyá Àgbà, ó tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé, àmì pupa sì wà ní ọrùn ọwọ́ wọn méjèèjì. Nígbà tí mo béèrè ohun tí ó ṣe ọwọ́ wọn, wọ́n kọ́kọ́ wo ẹnu ọ̀nà, wọ́n wá ní kí n má bá ẹnikẹ́ni jà, nítorí pé èmi yóò lọ, àwọn ni yóò kù síbẹ̀.

Inú mi ń ru, ṣùgbọ́n àbúrò mi tí ó ń ṣiṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ní ìlú Ọba ni mo kọ́kọ́ pè. Ó ní kí n kọ ọjọ́ àti aago, kí n kọ ohun tí ojú mi rí, kí n sì yọ ohun tí ọkàn mi ń rò kúrò. Èyí ni ó ṣòro jù lọ fún mi. Mo ti kọ ọ́ pé wọ́n ń de Ìyá Àgbà mọ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo fa igi lé e, mo sì kọ pé àmì pupa tí ó fẹ̀ tó ìka kan yí ọrùn ọwọ́ méjèèjì ká ní aago 2 ọ̀sán ku ìṣẹ́jú 10. Ó ṣàlàyé pé ara arúgbó máa ń tètè ní àpá, pàápàá bí ó bá ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, nítorí náà ibi tí àpá wà àti bí ó ṣe rí ṣe pàtàkì ju pé àpá wà lọ. Mo ya àwòrán ènìyàn, iwájú àti ẹ̀yìn, mo sì sàmì sí ibi tí ohun kọ̀ọ̀kan wà. Ní ti egbò, ó ní ẹni tí kò lè dá yí ara padà ni ó máa ń ní in bí ó bá pẹ́ lójú kan, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń yí irú ẹni bẹ́ẹ̀ padà ní nǹkan bíi wákàtí méjì-méjì.

Ẹbí mi fẹ́rẹ̀ẹ́ dá mi dúró. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní bí a bá fẹjọ́ sùn, gbogbo àdúgbò ni yóò gbọ́ pé a gbé ìyá wa fún àjèjì tọ́jú. Mo rò pé àwọn tí ń fìyà jẹ arúgbó mọ̀ pé ojú ń ti àwọn ẹbí, wọ́n sì sá sábẹ́ ìtìjú yẹn.

Dókítà yẹ Ìyá Àgbà wò ní ọjọ́ kejì, ó sì fún wa ní ìwé. Ní àgọ́ ọlọ́pàá tí mo kọ́kọ́ lọ, wọ́n ní ọ̀rọ̀ ilé ni. N kò jiyàn. Mo kọ lẹ́tà sí ẹ̀ka tí ń rí sí ìgbáyégbádùn ará ìlú ní ìjọba ìbílẹ̀, mo sì fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí Òkè-Mòsán ní Abẹ́òkúta, sí ilé iṣẹ́ ìjọba tí ń bójú tó ọ̀rọ̀ obìnrin àti ìgbáyégbádùn. Mo tọ́ka sí òfin tí ó lòdì sí ìwà ipá sí ènìyàn, èyí tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2015, tí Ìpínlẹ̀ Ògùn sì ṣe tirẹ̀ ní 2017. Òfin ti 2015 yẹn tún ní ìjìyà fún ẹni tí ó bá parọ́ mọ́ ẹlòmíràn. Nígbà tí mo kà á, mo dúpẹ́ pé mo ti fa igi lé èrò ọkàn mi. Ẹ̀dà méjì-méjì ni mo gbé lọ, n kò sì kúrò níbẹ̀ títí wọ́n fi lu òǹtẹ̀ sí tèmi. Nígbà tí mo padà lọ béèrè, tí akọ̀wé kan ní òun kò rí lẹ́tà kankan, òǹtẹ̀ yẹn ni mo fi hàn án.

Wọ́n lọ bẹ ilé náà wò, ẹjọ́ sì ń lọ lọ́wọ́. Ìyá Àgbà wà lọ́dọ̀ wa báyìí, egbò náà sì ń jinná.

Mo ti fi bàbá kan tí ó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì kún lẹ́tà mi, nítorí pé mo rí i pé ètè wọn gbẹ, ife omi wọn sì wà níbi tí ọwọ́ wọn kò lè dé. Ọ̀gá tí ó gba lẹ́tà náà béèrè bóyá ẹbí wa ni wọ́n, mo ní rárá. Wọ́n ṣì wà níbẹ̀. Ní Sátidé, mo máa ń lọ kí wọn, n kì í sì í sọ aago tí mò ń bọ̀.