Bí a ṣe ń fi ìjíròrò kọ́ ọmọdé ní ìṣirò onítàn

Ẹ bi àwọn ọmọ kíláàsì kejì léèrè báyìí: "Bàbá kan ní ewúrẹ́ 12 àti àgùntàn 5. Ọmọ ọdún mélòó ni bàbá náà?" Nígbà tí mo dán an wò ní kíláàsì mi l'Ádó-Èkìtì, gbogbo wọn pariwo pọ̀: "Mẹ́tàdínlógún!" Wọn ò gbọ́ ìtàn rárá. Nọ́ńbà ni wọ́n gbọ́.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ yọ nọ́ńbà kúrò. Ẹ sọ ìtàn náà lásán: "Màmá Dúpẹ́ gbé iṣu lọ sí Ọjà Ọba. Ó ta díẹ̀, ó gbé èyí tó kù wálé." Kí ọmọ kan tún un sọ, kí òmíràn fi kún un. Ẹ bi wọ́n: èyí tó gbé lọ àti èyí tó gbé bọ̀, èwo ló pọ̀ jù? Ọmọ tó bá ní "ulé" dípò "ilé", bí wọ́n ṣe ń pè é l'Ékìtì, ẹ jẹ́ kó máa sọ ọ́ lọ; èdè ilé kò dí ìṣirò lọ́wọ́. Ní 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfunwá, onímọ̀ ẹ̀kọ́, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí fi Yorùbá kọ́ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ n'Ílé-Ifẹ̀, ìṣirò sì wà níbẹ̀.

Ìgbà náà ni kí ẹ wá fi nọ́ńbà sí i: iṣu 15 ló gbé lọ, 6 ló kù. Mélòó ló tà? Ẹ pín wọn ní méjì-méjì, kí ẹ fún wọn ní òkúta wẹ́wẹ́.

Ẹni tó kọ́kọ́ nawọ́, ẹ má tíì pè é. Ẹ dúró. Bí wọ́n bá ti dáhùn, yálà wọ́n gbà á tàbí wọn ò gbà á, ìbéèrè kan náà ni kí ẹ bi wọ́n: "Báwo lo ṣe mọ̀?" Ọmọ kan kà láti 6 dé 15; òmíràn ń mú òkúta kúrò níkọ̀ọ̀kan. 9 ni àwọn méjèèjì rí. Ọmọbìnrin kan ní 21. Mi ò sọ pé ó kùnà, mo ní kó tò ó fún wa. Ó to 15, ó to 6 tì í, ó wò ó, ó bú sẹ́rìn-ín: "Àṣé màmá Dúpẹ́ jí iṣu ni!"

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ́ wọn pé "kù" túmọ̀ sí ìyọkúrò. Bí Ṣadé bá ná náírà 20, tí 30 kù lọ́wọ́ rẹ̀, èló ló ní tẹ́lẹ̀? "Kù" wà níbẹ̀, àròpọ̀ sì ni.

Èyí tó máa ń le jù ni "fi jù lọ". Ayọ̀ ní àgbálùmọ̀ 8, Kẹ́mi ní 5. Mélòó ni ti Ayọ̀ fi ju ti Kẹ́mi lọ? Wọ́n á ní 8. Ẹ to òkúta ní ìlà méjì, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan kọjú sí èkejì rẹ̀. Èyí tí kò ní èkejì ni ìdáhùn.

Lẹ́yìn náà, kí wọ́n ṣe ìtàn tiwọn. Ọmọ kan fún wa ní eléyìí: "Bàbá mi ra ewúrẹ́ 3. Wọ́n jẹ ẹ̀bù wa 10. Mélòó ló kù?" Agogo lù, wọ́n ṣì ń bá ara wọn jiyàn: ṣé ewúrẹ́ ló ń béèrè ni, àbí ẹ̀bù?