Wọ́n ní obìnrin ò lè pín nílé bàbá yín n'Íbàdàn? Bí ẹ ṣe máa ṣe é rèé

Gbogbo èèyàn ló ń pariwo ẹjọ́ Ukeje tí ilé-ẹjọ́ tó ga jù dá ní 2014, wọ́n ní ìgbà yẹn lobìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ sógún, irọ́ ni jàre. Àṣà Igbo tó ní ọmọbìnrin ò gbọdọ̀ jogún bàbá ẹ̀ ni wọ́n fagi lé, torí ó ta ko abala 42 ìwé òfin Nàìjíríà. Tiwa Yorùbá ti yanjú tipẹ́, látìgbà ẹjọ́ Lopez l'Ékòó ní 1924, tí kóòtù ní ọmọbìnrin náà ní ẹ̀tọ́ nínú ilé ẹbí. Tí bùọ̀dá yín bá ní "àṣà wa ni", ẹ bi wọ́n pé àṣà ibo?

Ìwé ni kẹ́ẹ kọ́kọ́ wá. Gladys Ukeje tó pẹjọ́ yẹn gan-an, wọ́n ní kì í ṣe ọmọ bàbá tó fẹ́ jogún rárá, ìwé ọjọ́ ìbí wà lára ohun tó gbà á sílẹ̀. Ẹ wá tiyín, ìwé ikú bàbá, rìsíìtì ilẹ̀, kẹ́ẹ sì wádìí bóyá wọ́n ṣe wíìlì.

Lẹ́yìn náà, ẹ ní kí olórí ẹbí tàbí mógàjí pèpàdé. Ibẹ̀ ni wàhálà wà: ṣé ìdí-igi (ìyàwó kọ̀ọ̀kan àtàwọn ọmọ ẹ̀ gba ìpín kan) ni ká fi pín in àbí orí-ò-jorí (ọmọ kọ̀ọ̀kan gba ìpín kan)? Ká ní ìyàwó méjì, ìyá yín bí ẹ̀yin nìkan, ìyá kejì bí mẹ́fà. Tó bá jẹ́ ìdí-igi, ìdajì ni tiyín, tó bá jẹ́ orí-ò-jorí, ẹ máa mú ọ̀kan nínú méje. Àwọn mẹ́fà yẹn á ní ìrẹ́jẹ ni (mi ò dá wọn lẹ́bi tán o), àmọ́ nínú ẹjọ́ Dawodu àti Danmole, Privy Council, ìyẹn kóòtù ìlú Ọba tí ẹjọ́ wa ń parí sí nígbà yẹn, ní 1962 sọ pé ìdí-igi lòfin, ìjà ló lè mú kí olórí ẹbí lo orí-ò-jorí.

Ẹ má sáìnì bébà kankan nípàdé yẹn o, kódà kí wọ́n ní attendance ni.

Tí wọ́n bá kọ̀, ìjà ilẹ̀ ìgboro kì í ṣe ti kóòtù ìbílẹ̀ Mápó, High Court ni, ní Ring Road. Kẹ́ẹ tó débẹ̀, ẹ fi ọ̀dà pupa kọ "this house is not for sale" sára ògiri, gàdàgbà ni o, kóníbàárà má lọ sọ pé òun ò rí i.

Ìyá yín ńkọ́? Èyí ló ń bí mi nínú. Láṣà wa, ìyàwó kì í jogún ọkọ. Síbẹ̀, ẹjọ́ Anekwe, tilẹ̀ Igbo ní 2014 náà, ní wọn ò lè lé opó jáde torí pé kò bímọ ọkùnrin. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé registry ni wọ́n ti ṣègbéyàwó, òfin mìíì ló máa pín in, Màmá á sì ní ìpín tiwọn, torí náà ẹ tètè wá sàtífíkéètì yẹn kí àwọn ẹbí ọkọ tó tú yàrá wọn.