Bí a ṣe ń fi ọgbọ́n ọ̀wọ́ ẹyẹ ṣírò táǹkì omi tí kò ní jẹ irin púpọ̀

Ẹ wo àwọn lékeléke tó ń tẹ̀ lé màálù ní Oko Ọba l'Ágége. Bí ọ̀kan bá rí tata níbì kan, àwọn yòókù á rọ́ lọ síbẹ̀. Ká ní kálukú wọn tún ń rántí ibi tí òun fúnra rẹ̀ ti jẹun yó jù. Ìrántí méjèèjì yìí ni James Kennedy àti Russell Eberhart sọ di ìṣirò lọ́dún 1995, tí àwọn ẹnjiníà ń pè ní PSO (Particle Swarm Optimization).

Ẹ jẹ́ ká fi ṣe táǹkì roboto onídèérí, ti lítà 1,000, fún wẹ́dà kan ní Mushin.

Ẹ kọ́kọ́ kọ ohun tí ẹ fẹ́ dín kù sílẹ̀. Bí r bá jẹ́ ìdajì ìbú táǹkì ní mítà, irin tí yóò jẹ ni 2πr² + 2/r. Ìdérí àti ìsàlẹ̀ ló wà níwájú, ara táǹkì ló tẹ̀ lé e.

Lẹ́yìn náà, ẹ tú ẹyẹ mẹ́ta sílẹ̀; ibi tí ẹyẹ kọ̀ọ̀kan bà sí ni r tó ń dábàá: 0.3, 0.5 àti 0.8. Irin wọn jẹ́ 7.23, 5.57 àti 6.52 m². Ẹyẹ 0.5 ló ń ṣáájú.

Ó kan ìrìn, ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ wà. Ìrìn ẹyẹ kọ̀ọ̀kan ni:

0.7 × ìrìn rẹ̀ àtẹ̀yìnwá
+ 1.5 × RAND × (ibi tó dára jù tí òun ti dé − ibi tó wà)
+ 1.5 × RAND × (ibi tó dára jù tí ọ̀wọ́ ti dé − ibi tó wà)

RAND inú Excel máa ń mú nọ́ńbà kan jáde láàárín 0 sí 1, ọ̀tọ̀ ni ti ìgbà kọ̀ọ̀kan. Ní ìrìn àkọ́kọ́, ìlà kẹta nìkan ló ń ṣiṣẹ́, torí pé ẹyẹ kankan ò tíì kúrò lójú kan. Bí RAND bá fún ẹyẹ 0.8 ní 0.6, 1.5 × 0.6 × (0.5 − 0.8) jẹ́ −0.27, ó bọ́ sí 0.53. Irin rẹ̀ di 5.54 m². Ẹyẹ tó wà lẹ́yìn ti di aṣíwájú! Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú ìṣirò yìí nìyẹn.

Ẹ tún ìrántí wọn kọ, kí ẹ tún rìn. Bí ẹyẹ bá tó mẹ́wàá tí wọ́n rìn nígbà 50, wọn á kóra jọ sí nǹkan bí 0.542: ìbú sẹ̀ǹtímítà 108.4, gíga náà 108.4.

Ṣùgbọ́n ìṣirò yìí ò mọ̀ pé ẹsẹ̀ bàtà 4 ní ìbú, 8 ní gígùn, ni irin pẹlẹbẹ ọjà. Ara táǹkì yìí gùn tó mítà 3.4, irin kan ò lè yí i po. Ẹ sọ irin tí ẹ fẹ́ dín kù di owó, kí ẹ fi owó ibi tí wẹ́dà máa jó pọ̀ àti ti àjákù irin kún un. Ẹyẹ tó bá sì lọ síbi tí kò ṣeé gé, tàbí tí r rẹ̀ kò tó 0.1, ẹ má ṣírò tirẹ̀, ẹ kàn fún un ní iye ìtanràn tó ju èsì ẹyẹ yòówù lọ dáadáa. Ẹ tú wọn sílẹ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún; bí èsì wọn ò bá dọ́gba, ẹ fi ẹyẹ kún un kí wẹ́dà tó gé irin.