Ẹ̀rọ Ìlagi Alágbára Ọ́ìlì: Bí A Ṣe Ń Rà Á àti Bí A Ṣe Ń Tọ́jú Rẹ̀

Ìwé ìtọ́sọ́nà yìí wà fún àgbẹ̀ tí ó ń gé igi lóko rẹ̀ àti fún ìdílé tí ó ń fi igi dáná, tí wọ́n ti pinnu láti gbé àáké sílẹ̀ kí wọ́n sì ra ẹ̀rọ ìlagi tuntun, irú èyí tí ọ́ìlì ń fún ní agbára. Ohun àkọ́kọ́ tí a fẹ́ kí ẹ mọ̀ kí ẹ tó náwó ni pé ọ́ìlì gan-an ni ó ń lagi nínú ẹ̀rọ yìí. Ẹ́ńjìnnì kàn ń yí pọ́ńpù ni. Pọ́ńpù ń fa ọ́ìlì láti inú táńkì, ó sì ń fi ipá tì í wọ inú sìlíńdà. Nígbà tí ọ́ìlì kò bá ríbi gbà mọ́, yóò ti písítìn síwájú, písítìn yóò sì fún ìtì igi mọ́ irin ìlagi tí ẹnu rẹ̀ rí bí ti àáké, títí igi yóò fi là. Ẹni tí ó bá mọ bí a ṣe ń yan ẹ̀rọ tí ọ́ìlì rẹ̀ lágbára, tí ó sì mọ bí a ṣe ń dáàbò bo ọ́ìlì náà lọ́wọ́ ìdọ̀tí, omi, afẹ́fẹ́ àti ooru, ti mọ èyí tí ó pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ìlagi.

Kí ẹ tó rà á

Nọ́ńbà tọ́ọ̀nù tí wọ́n fi ọ̀dà kọ gàdàgbà sára ẹ̀rọ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń wò, òun náà sì ni ó máa ń ṣì wọ́n lọ́nà jù. Kì í ṣe gbogbo olùtajà ni ó ń kọ nọ́ńbà náà bí ó ṣe rí. Ẹ béèrè nǹkan méjì: báwo ni ihò inú sìlíńdà ṣe fẹ̀ tó, báwo sì ni ìfúnpá ọ́ìlì, ìyẹn ipá tí ọ́ìlì fi ń ti nǹkan, ṣe ga tó nígbà tí iṣẹ́ bá le jù lọ. Bí wọ́n bá sọ ìbú ihò náà fún yín ní sẹ̀ǹtímítà, ẹ pín in sí méjì, ẹ fi ìdajì náà sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, kí ẹ wá fi 3.14 sọ ọ́ di púpọ̀. Ẹ fi ìfúnpá, èyí tí wọ́n ń fi bar wọ̀n, sọ èyí tí ẹ rí di púpọ̀. Kílógíráàmù tí ẹ̀rọ náà lè fi tì igi ni yóò jáde, ó kàn lè yàtọ̀ díẹ̀. Sìlíńdà tí ihò rẹ̀ fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 10, tí ìfúnpá rẹ̀ jẹ́ bar 200, yóò fún yín ní 15,700, èyí tí í ṣe tọ́ọ̀nù 15 ó lé díẹ̀. Bí ihò náà bá fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 12.5 lórí ìfúnpá kan náà, agbára náà yóò tó tọ́ọ̀nù 24 àti ààbọ̀. Ẹ rí i pé sẹ̀ǹtímítà méjì àti ààbọ̀ péré ni a fi kún un, síbẹ̀ agbára ti fi ju ìdajì lọ pọ̀ sí i. Bí ìṣirò yìí bá jìnnà gan-an sí nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára ẹ̀rọ, ìṣirò ni kí ẹ gbà gbọ́.

Ẹ má rò pé tọ́ọ̀nù tí ó pọ̀ jù ni ó dára jù fún gbogbo ènìyàn. Ẹni tí ìtì igi rẹ̀ kò ju ìbú itan ènìyàn lọ, tí igi náà lọ́ọ́rọ́, tí kò ní kókó púpọ̀, lè rí gbogbo ohun tí ó ń fẹ́ gbà lára ẹ̀rọ kékeré tí iná mànàmáná ń lò, èyí tí agbára rẹ̀ sábà máa ń wà láàárín tọ́ọ̀nù 4 sí 7. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kì í rú èéfín, kì í fi bẹ́ẹ̀ pariwo, kò sì ní ẹ́ńjìnnì tí a óò máa pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀. Wáyà tí a fi ń fa iná dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni kí ẹ ṣọ́: ó gbọ́dọ̀ nípọn, kò sì gbọdọ̀ gùn ju bí ó ti yẹ lọ, nítorí wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó gùn ń jẹ nínú agbára iná, mọ́tò á máa gbóná, a sì jó nígbẹ̀yìn. Ẹni tí ó ń la igi líle, igi tí ó kún fún kókó tàbí tí fọ́nrán rẹ̀ lọ́ mọ́ra, nílò ẹ̀rọ alépo bẹntiróòlù tí agbára rẹ̀ tó tọ́ọ̀nù 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ pọ́ńpù tún wà níbẹ̀. Ẹ béèrè bóyá pọ́ńpù oní-ìpele méjì ni. Irú pọ́ńpù yìí ń da ọ́ìlì púpọ̀ wọlé nígbà tí písítìn kò tíì kan igi, kí ó lè yára dé ibẹ̀. Bí ó bá ti kan igi tí ó le, yóò dín ọ́ìlì kù, yóò sì fi ìfúnpá kún un. Ẹ lè fi etí gbọ́ ìyípadà náà: písítìn yóò máa lọ wuuru, bí ó bá ti bá igi pàdé, ohùn ẹ́ńjìnnì yóò rẹlẹ̀, ìrìn písítìn yóò falẹ̀, lẹ́yìn náà ni ẹ óò gbọ́ tí igi bá dún pàá. Èmi kì í gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti ra ẹ̀rọ kí wọ́n tó tan án lójú rẹ̀. Ẹ ní kí olùtajà la ìtì igi kan tí ó ní kókó. Ẹ fi aago wo iye ìṣẹ́jú àáyá tí písítìn fi lọ tí ó sì fi padà. Láàárín 10 sí 20 ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí ó dára máa ń wà.

Níkẹyìn, ẹ fi ọwọ́ mú ọ̀pá ìdarí, ẹ tì í síwájú, kí ẹ sì fi í sílẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ fúnra rẹ̀ padà sí àárín, kí písítìn sì dúró lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀rọ tí ó bá ń ti igi lọ lẹ́yìn tí ẹ ti yọ ọwọ́ yín kúrò kì í ṣe ohun tí ó yẹ kí ó wọ inú ilé yín, bí ó ti wù kí owó rẹ̀ dínkù tó. Ẹ sì béèrè ibi tí ẹ ti lè rí asẹ́ ọ́ìlì, họ́ọ̀sì àti àwọn síìlì inú sìlíńdà (rọ́bà tí kì í jẹ́ kí ọ́ìlì jò) rà, nítorí ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ẹ óò wá wọn.

Ọjọ́ àkọ́kọ́

Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tuntun ni wọ́n ń gbé jáde láìsí ọ́ìlì nínú ẹ́ńjìnnì àti nínú táńkì ọ́ìlì pọ́ńpù. Ẹni tí ó bá fa okùn ẹ́ńjìnnì kí ó tó wo méjèèjì lè ba ẹ̀rọ tuntun jẹ́ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, nítorí pọ́ńpù tí ó ń yí láìsí ọ́ìlì ń fi irin lọ irin. Ẹ ka ìwé ìlò láti mọ irú ọ́ìlì tí olùṣe ẹ̀rọ fẹ́. Fún pọ́ńpù, ọ̀pọ̀ wọn ń fẹ́ ọ́ìlì tí a ṣe fún irú ẹ̀rọ yìí, tí nọ́ńbà 32 tàbí 46 wà lára agolo rẹ̀; 46 ki ju 32 lọ, ó sì bá ojú ọjọ́ gbígbóná mu jù. Ẹ má ṣe fi ọ́ìlì bíréèkì ọkọ̀ rọ́pò rẹ̀ láé, torí yóò jẹ síìlì rọ́bà inú sìlíńdà.

Ẹ nu àrọ tí ẹ óò fi rọ ọ́ìlì náà dáadáa. Mo ti fi ọwọ́ ara mi tú pọ́ńpù kan tí kò tíì pé ọdún kan. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ti gba ojú irin inú rẹ̀ kọjá bí ìgbà tí ènìyàn fi ìṣó fà á, ohun tí ó sì fà á kò ju iyanrìn díẹ̀ tí ó lẹ̀ mọ́ àrọ lọ. Pọ́ńpù náà ṣì ń yí, ṣùgbọ́n ọ́ìlì ń gba ojú ìlà wọ̀nyẹn sá padà sẹ́yìn, agbára rẹ̀ sì ti tán.

Nígbà tí ọ́ìlì bá ti wà níbi tí ó yẹ, ẹ tan ẹ́ńjìnnì, kí ẹ jẹ́ kí písítìn lọ kí ó sì bọ̀ ní ìgbà mẹ́rin tàbí márùn-ún láìgbé igi sí i, kí afẹ́fẹ́ inú họ́ọ̀sì lè jáde. Lẹ́yìn èyí, ẹ pa á, ẹ fa písítìn padà tán kí ẹ tó tún wo ìwọ̀n ọ́ìlì, nítorí bí písítìn bá yọ síta, apá kan nínú ọ́ìlì wà nínú sìlíńdà, táńkì yóò sì dà bí èyí tí kò kún. Ẹ sì tún gbogbo nọ́ọ̀tì fún le lẹ́yìn iṣẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́, torí gbígbọ̀n ẹ́ńjìnnì máa ń tú wọn.

Lẹ́nu iṣẹ́

Ẹnì kan ṣoṣo ni kí ó máa lo ẹ̀rọ náà. Èyí ni ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ tẹnu mọ́ fún gbogbo ará ilé. Bí ẹnì kan bá ń gbé igi sí i tí ẹlòmíràn sì di ọ̀pá ìdarí mú, yóò ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ kan pé ẹni tí ó di ọ̀pá mú rò pé ọwọ́ ẹnì kejì ti kúrò. Ẹni tí ó gbé igi sí i náà ni kí ó fa ọ̀pá, kí àwọn ọmọdé àti àwọn tí ó ń kó ẹ̀là igi sì jìnnà títí písítìn yóò fi dúró. Ẹ̀gbẹ́ igi ni kí ẹ ti dì í mú, ẹ má ṣe fi ọwọ́ sí orí tàbí ìdí rẹ̀, níbi tí irin méjì ti ń pàdé. Ẹ wọ awò ojú, kí ẹ wọ bàtà líle, kí ẹ má sì wọ aṣọ tí apá rẹ̀ ń fì.

Ẹ gé ìtì igi kí orí àti ìdí rẹ̀ tẹ́jú, torí igi tí a gé ní dídà máa ń ta kúrò lórí ẹ̀rọ. Òòró igi ni kí ẹ máa là; ẹni tí ó bá dá igi ní ìbú kí ó lè fi irin ìlagi gé e ń pe ẹ̀là igi láti fò sí òun lójú. Bí igi kan bá kọ̀ tí kò là, ẹ má ṣe di ọ̀pá ìdarí mọ́ ọn ju bíi ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún lọ. Ní gbogbo àsìkò tí písítìn bá dúró sójú kan tí pọ́ńpù sì ń tì, ooru ni gbogbo agbára náà ń dà nínú ọ́ìlì. Ẹ fà á padà, ẹ yí igi náà, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti etí rẹ̀, níbi tí kókó kò sí. Ẹ̀rọ alépo kò sì gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ nínú ilé tàbí nínú àká tí a ti ilẹ̀kùn rẹ̀, nítorí èéfín rẹ̀ ń pani.

Ọ́ìlì tí ó ń jò

Bí ẹ bá rí ọ́ìlì lára họ́ọ̀sì, ẹ má ṣe fi ọwọ́ wá ibi tí ó ti ń jò, àní bí ẹ bá wọ ìbọ̀wọ́. Ọ́ìlì tí ó ń gba ihò tí kò ju ojú abẹ́rẹ́ lọ jáde lábẹ́ ìfúnpá ńlá lè gún awọ ara wọlé, ojú sì lè má rí i. Ojú ọgbẹ́ náà yóò dà bí ibi tí kòkòrò gé jẹ, ó lè má tilẹ̀ dunni lákọ̀ọ́kọ́, ṣùgbọ́n ọ́ìlì ti wà nínú ẹran ara, ó sì ń bà á jẹ́. Ẹni tí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ sí kò gbọdọ̀ dúró di ọ̀la. Ilé ìwòsàn ni kí ó gbà lọ lójú ẹsẹ̀, kí ó sì sọ fún dókítà pé ọ́ìlì abẹ́ ìfúnpá ni ó gún òun, nítorí iṣẹ́ abẹ ni ó sábà máa ń gbà. Páálí ni kí ẹ fi wá ibi tí ó ń jò. Ẹ dúró jìnnà díẹ̀, ẹ fà á kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ họ́ọ̀sì díẹ̀díẹ̀, ẹ ó sì rí i tí àmì tútù kékeré kan yóò yọ lójú páálí náà. Lẹ́yìn náà, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ ti ọ̀pá ìdarí síwá sẹ́yìn kí ìfúnpá lè tú tán kí ẹ tó fi sípánà kan ohunkóhun. Ẹ pààrọ̀ họ́ọ̀sì tí ó bá jò. Ẹ má ṣe dì í.

Ìtọ́jú

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lójoojúmọ́, ẹ wo ọ́ìlì méjèèjì. Ọ́ìlì pọ́ńpù tí ara rẹ̀ dá máa ń mọ́ gaara. Bí ó bá funfun bí ìgbà tí a po wàrà mọ́ ọn, omi ti wọ inú rẹ̀, ẹ sì ní láti dà á nù. Bí ó bá ń hó bí omi ọṣẹ, afẹ́fẹ́ ni ó ń wọlé, ó sì sábà máa ń jẹ́ pé ọ́ìlì kò tó tàbí pé họ́ọ̀sì tí pọ́ńpù fi ń fa ọ́ìlì kò le dáadáa. Bí ó bá dúdú tí ó sì ń rùn bí ohun tí ó jóná, ooru ti bà á jẹ́.

Asẹ́ ọ́ìlì pọ́ńpù ni kí ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀ lẹ́yìn bíi wákàtí 25, torí èérún irin tuntun ń jáde lára àwọn ẹ̀yà inú ní ìbẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀ ní wákàtí 100 sí 100, àyàfi bí ìwé ìlò bá sọ ohun mìíràn. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tuntun kì í pẹ́: ọ̀pọ̀ olùṣe ẹ̀rọ ní kí a da ti àkọ́kọ́ nù láàárín wákàtí 5 sí 20, kí a sì máa pààrọ̀ rẹ̀ ní wákàtí 50 sí 50 lẹ́yìn èyí. Asẹ́ afẹ́fẹ́ yára dí lẹ́nu iṣẹ́ yìí nítorí eruku igi.

Láàárín ẹ́ńjìnnì àti pọ́ńpù, àsopọ̀ kan wà tí ó ní rọ́bà láàárín. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí tí písítìn kò sì mira, ẹ wo rọ́bà yìí kí ẹ tó dá pọ́ńpù lẹ́bi. Ó ṣeé ṣe kí ó ti jẹ tán, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ pọ́ńpù tuntun. Ẹ máa fi gíríìsì pa ojú irin gígùn tí nǹkan ń rìn lórí rẹ̀, kí ẹ sì fi òkúta ìpọ́n pọ́n ẹnu irin ìlagi bí ó bá kú. Kò gbọdọ̀ mú bí abẹ, nítorí yíya ni ó ń ya igi, kì í gé e.

Bí ẹ bá fẹ́ gbé e sílẹ̀ fún oṣù bíi mélòó kan, ẹ da epo bẹntiróòlù inú táńkì àti inú kabúrétọ̀ nù, nítorí epo tí ó pẹ́ ń di gọ́ọ̀mù, ó sì ń dí àwọn ihò kéékèèké. Ẹ fa písítìn wọlé pátápátá, kí ọ̀pá rẹ̀ tí ń dán má baà dípẹtà, torí ìpẹtà kékeré kan lórí rẹ̀ yóò máa gé síìlì ní gbogbo ìgbà tí ó bá kọjá. Ẹ so páálí kékeré mọ́ ọ̀pá ìdarí, kí ẹ kọ irú ọ́ìlì tí ó wà nínú ẹ̀rọ àti iye wákàtí tí ó ti ṣiṣẹ́ láti ìgbà tí ẹ ti pààrọ̀ asẹ́ sí i, kí ẹni yòówù tí yóò kọ́kọ́ tan án nínú ilé lè kà á kí ó tó fa okùn ẹ́ńjìnnì.